Owó àpòòwé ti fẹ́ ba ìròyìn mi jẹ́: kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ìròyìn, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Oníròyìn rédíò ni mí n'Íbàdàn. Níbi ìpàdé oníròyìn kan, wọ́n pín àpòòwé fún wa, wọ́n pè é ní owó ọkọ̀. Mo dá tèmi padà, nítorí ìlànà iṣẹ́ tí àwa oníròyìn Nàìjíríà fẹnu kò lé lórí ní Ìlọrin ní 1998 kà á léèwọ̀ pé kí á gbowó láti gbé ìròyìn jáde tàbí láti bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀gá mi gba tirẹ̀, ó sì ní kí n yọ ohùn àwọn ará àdúgbò tó ń ráhùn kúrò. Mo ti bẹ̀ ẹ́ ní ìdákọ́ńkọ́, kò gbà. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn fọkàn tán mi. Èyí ló dùn mí jù.

Ṣé kí n kọ̀ láti ka ìròyìn náà ni, àbí kí n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ ẹgbẹ́ oníròyìn?

Mo dúpẹ́ sílẹ̀ fún ìmọ̀ràn yín.