"Àìṣáná" nìkan kò tó: ẹ jẹ́ ká ya àìyí kúrò lára àìjí

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Àbá tó wà nílẹ̀ fún àkójọ ọ̀rọ̀ mọ́tò wa ni pé kí "àìṣáná" jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá kọ̀ tí kò sítáàtì, tàbí tó jẹ́ pé tipátipá ló fi ń sítáàtì. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì bá "ṣáná sí mọ́tò" tí gbogbo wa ń sọ mu. Síbẹ̀, n kò lè fọwọ́ sí i, torí ohun tó yẹ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ mọ̀ gan-an ló máa bò mọ́lẹ̀.

Awakọ̀ ló ń ṣáná, mọ́tò kọ́. Tí mo bá ní "mo ṣáná sí i títí", iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo sọ. N kò tíì sọ ohun tí ẹ́ńjìnnì fi dá mi lóhùn. Ìdáhùn yẹn sì pé méjì: sítáàtà ní láti yí ẹ́ńjìnnì ná, lẹ́yìn náà kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ rí epo, afẹ́fẹ́ àti iná púlọ́ọ̀gì, kó máa dá ṣiṣẹ́ lọ. Ẹni tó ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì lára ẹ́ńjìnnì tí kò yí rárá, owó ló ń fi ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ra bátìrì tuntun fún èyí tó ń yí geere.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "àìyí", ìyẹn kí sítáàtà má yí ẹ́ńjìnnì, àti "àìjí", ìyẹn kí ẹ́ńjìnnì yí ṣùgbọ́n kó má dá ṣiṣẹ́. "Yí" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀. Kí Cadillac tó fi sítáàtà oníná tí Charles Kettering ṣe sára ọkọ̀ wọn ti ọdún 1912, irin ni awakọ̀ ń kì bọ iwájú mọ́tò, tí yóò fi ọwọ́ yí i. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe nígbà náà ni sítáàtà ń ṣe lónìí.

"Jí" ló máa fa àríyànjiyàn, mo mọ̀. Ẹnìkan á ní ọ̀rọ̀ olè ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà dúró sí nínú gbólóhùn: "wọ́n jí mọ́tò" jẹ́ ọ̀ràn olè, "mọ́tò jí" kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ "ọmọ ti jí" tó máa rò pé ọmọ jalè. Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ni kí a má ṣe sọ pé awakọ̀ jí mọ́tò. Kí awakọ̀ máa ṣáná, kí ẹ́ńjìnnì máa jí. A sì ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì kú lójú ọ̀nà, nítorí náà "jí" ní ẹnìkejì tó ń bá rìn. "Gbiná" tí àwọn kan fẹ́ ni n kò fara mọ́ rárá, torí ẹni tó bá gbọ́ pé mọ́tò gbiná, jíjóná ló máa yé e.

Lórí àìyí, èdè wa lọ́rọ̀ tó pọ̀ ju bí a ṣe ń lò ó lọ. Yí kọ́kọ́rọ́, kí o sì tẹ́tí. Tó bá ró "kọ́" lẹ́ẹ̀kan tó dákẹ́, swíìṣì orí sítáàtà ti gba iṣẹ́, àmọ́ sítáàtà kò yí: bóyá òun fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́, bóyá iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó. Tó bá ró "kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́", tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń ṣẹ́jú, iná bátìrì ti lọ sílẹ̀ tàbí wáyà orí rẹ̀ kò fún. Ṣí bónẹ́ẹ̀tì kí o wò ó: ìpẹtà funfun tàbí aláwọ̀ ewé á ti dì mọ́ irin orí rẹ̀, tàbí kí wáyà máa mì tí o bá fọwọ́ tì í. Tí kò bá ró rárá, wo fíúùsì àti ríléè (swíìṣì kékeré tí iná ń ṣí tó sì ń pa), kí o sì wò ó bóyá gíà wà níbi tó yẹ. Mo fẹ́ kí "kọ́" àti "kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́" wọ àkójọ ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, torí àwọn ni awakọ̀ lè sọ fún mẹkáníìkì lórí fóònù.

Ó tún yẹ ká dẹ́kun sísọ "bátìrì ti kú" fún gbogbo bátìrì tí iná rẹ̀ kò tó. Bátìrì mọ́tò tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń fi nǹkan bíi fóòtì (volt) 12.6 hàn, tó bá wà ní 12.2, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Ìyẹn kò kú, ó lọ sílẹ̀ ni, cháàjì á gbé e padà. Èyí tó fi 12.6 hàn, ṣùgbọ́n tó já wálẹ̀ kọjá 9.6 bí sítáàtà bá ti ń yí, tí wáyà àti sítáàtà kò sì ní àléébù, òun ni kí a pè ní òkú.

Ó ku èyí tó ń yí dáadáa àmọ́ tí kì í tètè jí. Mo pe àìsàn náà ní "pípẹ́jí", mo sì pe mọ́tò tó ní in ní "apẹ́jí". Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ní láárí tí a kò bá fi àkókò tì í lẹ́yìn. Apẹ́jí òwúrọ̀, ìyẹn èyí tó sùn mọ́jú: ṣí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn, dúró kí pọ́ǹpù epo kùn tán fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá méjì, pa á, tún un ṣe, kí o tó wá ṣáná. Tó bá jí lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí epo máa ṣẹ́rí padà kúrò nínú páìpù ní òru. Apẹ́jí gbígbóná ni èyí tó jí wẹ́rẹ́ láàárọ̀, tó sì kọ̀ lẹ́yìn ìdúró ráńpẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Nọ́súlù, ìyẹn ẹnu tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, lè fà á tó bá ń jò, tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, tó ń dákẹ́ bí ooru bá mú un.

Dísẹ́ẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ kò tíì tán lórí rẹ̀. Kò ní iná púlọ́ọ̀gì. Púlọ́ọ̀gì tirẹ̀, gbígbóná lásán ló ń gbóná kí ẹ́ńjìnnì tútù lè jí. Orúkọ kan náà fún méjèèjì á ṣi ènìyàn lọ́nà. "Púlọ́ọ̀gì amúgbóná" ni mo ní lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, ẹ jọ̀wọ́, kó mú un wá kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀.