Ìdáhùn: “Ẹ̀yà ẹnìkẹta” kò bá èdè wa mu, “àgbàlò” ni ká pè é

Ẹ̀yin ará ìjíròrò, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìkòròdú kọ̀wé lánàá lórí àwọn bọ́tìnnì, kàlẹ́ńdà, mẹ́nù àti fọ́ọ̀mù tí ẹlòmíràn ti kọ kóòdù wọn sílẹ̀, tí àwa tó ń ṣe áàpù orí wẹ́ẹ̀bù kàn ń mú wọnú iṣẹ́ tiwa. Òyìnbó ń pè wọ́n ní “third-party component”. Ẹ̀gbọ́n ní “ẹ̀yà ẹnìkẹta” ni kí á máa pè wọ́n. Àbúrò wa ní Àgbádárìgì ní rárá, “ẹ̀yà àyálò” ló dáa jù. Mo ka ti àwọn méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ bí mi nínú.

Ẹnìkẹta ti níṣẹ́ lọ́wọ́ nínú gírámà Yorùbá. Ọmọ girama wo ni kò mọ ẹnìkẹta ẹyọ àti ẹnìkẹta ọ̀pọ̀? Bí mo bá kọ “ẹ̀yà ẹnìkẹta” fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi níbí ní Ẹ̀pẹ́, èyí tó ka Yorùbá dáadáa nínú wọn á rò pé ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni mo ń sọ. Èyí tí kò kà á á rò pé ẹ̀yà ènìyàn ni, bí ìgbà tí a ń sọ pé ẹ̀yà Ẹ̀gùn. Ta tilẹ̀ ni ẹnìkínní? Ta ni ẹnìkejì? Inú àdéhùn àwọn òyìnbó ni wọ́n ti ka ènìyàn mẹ́ta: àwọn méjì tó jọ tọwọ́ bọ̀wé, àti ẹni tó dúró síta. A gbé nọ́ńbà wá, a fi àdéhùn sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Àwọn àgbà tó sọ rédíò di asọ̀rọ̀mágbèsì, ìwà rẹ̀ ni wọ́n wò: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ayárabíàṣá náà, eré tó ń sá ni wọ́n rí. Kí wá ni ìwà ohun tí à ń wí yìí? Ohun ẹlòmíràn ni, olóhun yọ̀ǹda rẹ̀, o gbà á, o ń lò ó. Ẹ wo àkójọ kóòdù méjì tí àwa tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù ń lò: Bootstrap tó jáde láti Twitter lọ́dún 2011, àti React tí Facebook tú síta lọ́dún 2013. Abẹ́ láìsẹ́ǹsì MIT, ìwé àṣẹ ìlò kan, ni àwọn méjèèjì wà lónìí. Láìsẹ́ǹsì yẹn kò béèrè kọ́bọ̀. Ó ní kí o lò ó, kí o tún un ṣe, kí o tà á pàápàá, kí o ṣáà má yọ orúkọ olóhun àti ọ̀rọ̀ àṣẹ rẹ̀ kúrò. Ó sì là á mọ́lẹ̀ pé bí ó bá dà rú mọ́ ọ lọ́wọ́, kí o má wá olóhun wá.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ “yá”. Ohun tí a bá yá, dídá padà ló kàn. Àbúrò mi á ní “ọ̀rọ̀ àyálò” ńkọ́, ta ló dá “tábìlì” padà fún Gẹ̀ẹ́sì? Òótọ́ ni, àyálò ti mọ́ wa lára nínú ẹ̀kọ́ èdè. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Àwa ní àgbàlò: à-gbà-lò, ó sì ní ẹbí nílé, àgbàwọ̀ àti àgbàtọ́. Ẹnì kan bi mí pé, àgbàfọ̀ àti àgbàṣe ńkọ́, ṣebí iṣẹ́ oníṣẹ́ ni ènìyàn ń gbà níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀-ìṣe kejì ló ń darí wọn. Fọ̀ àti ṣe, olóhun là ń ṣe é fún. Wọ̀ àti lò, ara ẹni ni. Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìyókù.

Ó sì ń ṣoni lóòótọ́. Mo ṣe fọ́ọ̀mù kan fún àwọn ìyá tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo. Mo mú àpótí àgbàlò kan sí i, irú èyí tó jẹ́ pé bí o bá ti ń tẹ̀ ẹ́, á máa kó orúkọ wá fún ọ. Oníbàárà tẹ “ọ̀bọ̀kún”, àpótí ní kò sí. Ọ̀bọ̀kún wà nínú àkójọ gbangba! Ohun tó fà á ni pé kò sí àmì kan ṣoṣo fún “ọ̀” nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Kíbọọ̀dù kan á mú “ọ”, U+1ECD, á fi àmì ohùn U+0300 lé e lórí. Òmíràn á mú “ò”, á wá fi U+0323 sí i nídìí. Ojú tiwa rí ọ̀kan, kọ̀ǹpútà rí méjì. Láti 2015 ni JavaScript, èdè tí a fi ń kọ kóòdù wẹ́ẹ̀bù, ti ní àṣẹ “normalize” tó ń sọ wọ́n di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ àpótí náà kò pè é, bóyá nítorí pé èdè tirẹ̀ kò ní irú ọ̀ yìí. Èmi ni oníbàárà bínú sí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ara mi ni wọ́n rí ṣòkòtò náà. Mo fi “normalize” sí i, sórí ohun tí wọ́n tẹ̀ àti sórí àkójọ pẹ̀lú, ọ̀bọ̀kún jáde.

Ẹ tún rántí Kérésìmesì 2018. Ant Design, àgbàlò ńlá tó wá láti Ṣáínà, fi yìnyín funfun bo orí bọ́tìnnì lójú òpó àwọn tó ń lò ó. Àwọn tó kọ ọ́ ti fi kóòdù náà pamọ́ sínú rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. “Ẹnìkẹta” kò kì wá nílọ̀ irú nǹkan báyìí. “Gbà” ń kìlọ̀, nítorí ẹni tó bá gbà ló yẹ kó tú u wò.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ pé ẹ ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí púpọ̀ nínú wa tó mọ kọ̀ǹpútà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó kọ́ wa ní Yorùbá ní Ẹ̀pẹ́ níbí, bí a bá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ìbéèrè rẹ̀ ni pé bí ìyá rẹ bá gbọ́ ọ lọ́jà, ṣé yóò yé e? Mo sọ àgbàlò fún ìyá ẹlẹ́ja kan láìṣàlàyé. Wọ́n ní, “Ta lẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?” Ẹ lọ sọ “ẹ̀yà ẹnìkẹta” ní Sábó lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sọ èsì fún wa.

Ẹ̀yin tó ń kọ “agbalo” láìfi àmì sí i, ẹ jọ̀ọ́. A- olóhùn àárín, olùṣe ló ń tọ́ka sí: ayálò ni ẹni tó yá nǹkan, àyálò ni nǹkan náà. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ kọ “ayalo” lẹ́ẹ̀mejì nínú lẹ́tà kan, n kò mọ èyí tó ń gbèjà.

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ní gbólóhùn kan tí “ẹnìkẹta” ti jẹ́ ohun tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí kọ̀ǹpútà tó dé ilẹ̀ wa, ẹ fi ránṣẹ́. Màá kà á.