Ẹgbẹ́ méjì fẹ́ da òwò pọ̀ l'Óṣogbo: ta ni kó di owó mú?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa aláró fẹ́ da òwò pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ kan fún Ọdún Ọ̀ṣun tó ń bọ̀ lóṣù kẹjọ. Àwa la ní àdìrẹ, àwọn ló ní ẹ̀rọ ìránṣọ àti ìsọ̀ nítòsí Ọjà Ọba. Àlejò tó bá wá sí igbó Ọ̀ṣun, èyí tó bá rí ẹ̀wù tí wọ́n ti rán, ṣebí á tètè rà á.

Owó ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ní inú àkáǹtì tiwọn ni kí gbogbo rẹ̀ máa wọ̀. Akápò wa fárígá, n ò sì bá a wí. Ṣé ká ṣí àkáǹtì tuntun tí ẹgbẹ́ méjèèjì á jọ máa fọwọ́ sí? Bí ọjà bá kù sílẹ̀ ńkọ́, ta ló ni àdánù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe kọ àdéhùn yín?