Ṣé bí àpilẹ̀kọ ìwádìí lórí sìgá oníbátìrì ṣe ń pọ̀ sí i fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlera:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí bí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe ń tẹ ìwádìí jáde nípa sìgá oníbátìrì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí vape. Inú PubMed, àkójọ àpilẹ̀kọ ìmọ̀ ìlera lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń ka iye àpilẹ̀kọ tó jáde lọ́dọọdún láti 2003, ọdún tí Hon Lik, apòògùn ará Ṣáínà, gbé irú èyí tí a mọ̀ lónìí kalẹ̀. Fún ọdún mélòó kan, díẹ̀ ni wọ́n. Lẹ́yìn 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, wọ́n sì ti wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún báyìí. Ohun méjì ló ń da ọkàn mi rú. Bí mo bá yí ọ̀rọ̀ tí mo fi ń wá wọn padà, iye tí mo ń rí máa ń yàtọ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń tako ara wọn: ọ̀kan á ní ó ń ran àwọn amusìgá lọ́wọ́ láti jáwọ́, òmíràn á ní ó ń fi nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, mú àwọn ọ̀dọ́ lẹ́rú. Ṣé mo lè fi iye wọn ṣe ẹ̀rí ibi tí ìmọ̀ dé dúró?

Olùtọ́jú Àkójọ Ìwé:
Ti àkọ́kọ́ ni n óò dáhùn, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ohun tí ẹ ń wá kò ní orúkọ kan ṣoṣo. Àwọn kan ń kọ e-cigarette, àwọn kan electronic cigarette, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ń lo ENDS, ìkékúrú orúkọ àwọn ẹ̀rọ oníná tó ń gbé nikotíìnì fún ni, vaping sì ti gbilẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá fi orúkọ kan péré wá a lè rò pé ìwádìí ló ń pọ̀ sí i, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ ló ń yí padà. Vaping nìkan yóò sì kó ìwádìí lórí igbó mímu (cannabis) mọ́ ọn, torí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń fa òróró igbó. Ẹ pa gbogbo orúkọ náà pọ̀, ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ fi wá a àti ọjọ́ tí ẹ wá a sínú iṣẹ́ yín, kí ẹ sì ya lẹ́tà sí olóòtú sọ́tọ̀ kúrò lára ìwádìí gidi.

Dókítà Ìlera Àwùjọ:
Kí ẹ tó sọ pé wọ́n ń tako ara wọn, ẹ wo ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn béèrè, nítorí ibi tí owó ti wá sábà máa ń darí ìbéèrè. Ní Amẹ́ríkà, òfin 2009 fi tábà sí abẹ́ àṣẹ FDA, àjọ tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀. Nígbà tó di 2013, FDA àti NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, jọ dá àwọn ibùdó ìwádìí sílẹ̀ láti wá ẹ̀rí tí wọn yóò fi ṣe òfin. Abájọ tí àpilẹ̀kọ fi ń wá láti ibẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, tí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ sì gba iwájú. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, amusìgá tó fẹ́ jáwọ́ ni wọ́n ń wò jù. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2019, wọ́n fi ìbò pín ènìyàn 886 sí ọ̀nà méjì. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 18.0 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo sìgá oníbátìrì ló jáwọ́, ìdá 9.9 sì ni ti àwọn tó lo nikotíìnì ìtọ́jú bíi ti àlẹ̀mára. Òtítọ́ méjèèjì lè dúró pọ̀, nítorí ẹni tó ti mu sìgá fún ọgbọ̀n ọdún kọ́ ni ọmọ ọdún 15 tí kò fẹnu kan sìgá rí.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn àpilẹ̀kọ 2019 àti 2020. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n pè ní EVALI mú ènìyàn 2,807 ní Amẹ́ríkà, 68 sì kú, gẹ́gẹ́ bí CDC, àjọ tó ń dènà àìsàn níbẹ̀, ṣe kà á títí di oṣù kejì 2020. Vitamin E acetate tí wọ́n pò mọ́ òróró igbó ni ẹ̀rí tọ́ka sí jù, síbẹ̀ vaping lásán ni ọ̀pọ̀ àkọlé sọ.

Olóòtú Jọ́nà:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n ìbéèrè nìkan kọ́ ló yàtọ̀; dídára wọn náà yàtọ̀. Nígbà tí Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ẹ̀rí ìwádìí ìlera jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò bóyá sìgá oníbátìrì ń mú ènìyàn jáwọ́, ní 2014, ìwádìí 13 ni wọ́n rí lò. Ní 2025, ó di 90. Ẹ fi 90 yẹn wé ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ẹ kà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó dùn mí. Ní 2019, Journal of the American Heart Association tẹ àpilẹ̀kọ kan tó so sìgá oníbátìrì mọ́ ìkọlù ọkàn. Àwọn mìíràn tún dátà náà yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ìkọlù àwọn kan ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, jọ́nà náà sì fà á sẹ́yìn ní 2020. Ní 2021 ẹ̀wẹ̀, Juul, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sìgá oníbátìrì, san $51,000 kí ẹ̀dà kan American Journal of Health Behavior lè jẹ́ kìkì ìwádìí 11 tí wọ́n fi owó wọn ṣe. Bẹ́ẹ̀, láti 2013 ni BMJ, jọ́nà ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ní àwọn kò ní tẹ ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ tábà bá náwó sí. Ẹ kọ ẹni tó náwó sí ẹgbẹ́ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlera:
Ẹ ṣeun gan-an. Èyí tí wọ́n ti fà sẹ́yìn ńkọ́, ṣé kí n yọ ọ́ kúrò nínú iye?

Olóòtú Jọ́nà:
Ẹ má yọ ọ́. PubMed máa ń sàmì sí irú rẹ̀. Ẹ sàmì sí i bákan náà, kí ẹ sì ka iye àpilẹ̀kọ tó ṣì tọ́ka sí i lẹ́yìn 2020 láì mẹ́nu kàn án pé wọ́n ti fà á sẹ́yìn.