Mo fẹ́ di tíṣà yóògà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ẹ̀yìn tó ń dùn mí ló sún mi dé ìdí yóògà, orí YouTube ni mo ti kọ́ ọ, ní báyìí àwọn ìyá àdúgbò mẹ́fà ló ń wá bá mi ní gbogbo Sátidé, a ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, ó di kí a máa na ara. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyá kan kúnlẹ̀ ó sì ké "yéè, orúnkún mi!", àyà mi já. Mi ò lè máa méfò mọ́.

Ṣé kí n lọ ṣe tíréènì 200 wákàtí tí Yoga Alliance (ẹgbẹ́ àwọn tíṣà yóògà ní Amẹ́ríkà) ń bèèrè ni àbí kí n kọ́kọ́ gba sáàtífíkéètì ACE tàbí NASM (àwọn àjọ Amẹ́ríkà tó ń fún àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ní ìwé ẹ̀rí)? Mo rí i pé ACE àti NASM ń fẹ́ kéèyàn ní ti CPR (bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá dúró láti dóòlà ẹ̀mí rẹ̀), bóyá ibẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Dọ́là sì ni gbogbo ẹ̀ (ẹ ṣáà mọ náírà wa).

Ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀ṣì tún ní òrìṣà Íńdíà ni mò ń bọ, ṣé kí n kúkú máa pè é ní "strẹ́ṣì"? Èló ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é máa ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan?