Nínú àwọn àwo Stryper, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì líle onígbàgbọ́ láti Amẹ́ríkà, èwo lẹ kọ́kọ́ gbọ́, báwo ló sì ṣe dọ́wọ́ yín?

Gìtá-ń-fọhùn: Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìrírí ara wa. Tèmi ni To Hell with the Devil, èyí tó jáde ní 1986. Bọ̀dá kan tó ti Lọ́ńdọ̀n dé ló mú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá sílé wa n'Íbàdàn. Bí Michael Sweet, akọrin wọn, ṣe gbé ohùn sókè lálá nínú "Calling on You" báyìí, bàbá mi ti yàrá jáde, wọ́n ní ta ni wọ́n ń fún lọ́rùn.

Ìyá Ìbejì Peckham: Soldiers Under Command, 1985. Kò sí èyí tó tó o.

Ọmọ Olùṣọ́: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i gbọ́ nírọ̀rùn, ẹ dúpẹ́. Àwòrán tó wà nínú pálí kásẹ́ẹ̀tì ni màmá mi kọ́kọ́ rí. Ọkùnrin mẹ́rin, irun dé èjìká, tìróò lójú, aṣọ tó fún mọ́ra pinpin, ìlà yẹ́lò, ìlà dúdú láti òkè délẹ̀. Wọ́n wá ka orúkọ àwo náà, To Hell with the Devil. Mo ní, "Mọ́mì, Sátánì ni wọ́n ní kó máa lọ sí ọ̀run àpáàdì, wọn ò yìn ín." Mo fi Aísáyà 53:5 tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà hàn wọ́n. Wọ́n ṣí Bíbélì tiwọn, wọ́n kà á sókè ketekete, "nípa ìnà rẹ̀ ni a fi mú wa lára dá," wọ́n pa á dé, wọ́n wá ń fa téèpù yẹn jáde, wọ́n ń wé e mọ́ ọwọ́ bí ẹni wé òwú. Inú àdògán ló parí sí. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó, inú mi máa ń bàjẹ́.

Adélé: Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Gìtá-ń-fọhùn: Ọmọ Olùṣọ́, ẹ̀dà wo nìyẹn? Èyí tí áńgẹ́lì ti ń ju Sátánì sínú ọ̀gbun, àbí èyí tó dúdú lásán tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀?

Ọmọ Olùṣọ́: Èyí tó dúdú ni. Ká ní àwọn áńgẹ́lì wà lára rẹ̀ ni, bóyá ẹ̀mí rẹ̀ ì bá gùn sí i.

Bàbá Tòmíwá: Ẹ má dá màmá lẹ́bi. Nígbà yẹn, ìwàásù Jimmy Swaggart, oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n ará Amẹ́ríkà, là ń gbọ́ nílé wa tọ̀sán tòru, òun fúnra rẹ̀ sì bẹnu àtẹ́ lu àwọn ọmọ yìí. Ó ní Bíbélì tí wọ́n ń jù sáàárín èrò yẹn, péálì níwájú ẹlẹ́dẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì Peckham: Ẹ tún fi kún un pé ìwàásù Swaggart yìí kan náà lórí tẹlifíṣọ̀n ni ìdílé Michael Sweet gbọ́ ní Kalifóníà tí wọ́n fi gba Jésù. Ọmọ rẹ̀ nípa tẹ̀mí ló ń bá jà.

Bàbá Tòmíwá: Àǹtí, ìyẹn ò ní ká máa ju ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bí òkò.

Adélé: Májẹ̀mú Tuntun kéékèèké ni wọ́n ń jù, bọ̀dá. Ẹni tó wà nílé ọtí ní Los Angeles lóru ọjọ́ Sátidé, ta ló fẹ́ mú un lọ bá a? Ẹ̀yin?

Bàbá Tòmíwá: Wọ́n lè fi lé e lọ́wọ́.

Akéwì Èkó: Ẹ yé pè wọ́n ní àkọ́kọ́ nínú olórin rọ́ọ̀kì líle onígbàgbọ́ ṣáá. Resurrection Band ti Chicago ti gbé Awaiting Your Reply jáde ní 1978. Ọdún 1984 ni Stryper tó gbé The Yellow and Black Attack jáde.

Gìtá-ń-fọhùn: Ta ló pè wọ́n ní àkọ́kọ́ níbí? Àmọ́ nínú àwọn olórin rọ́ọ̀kì líle onígbàgbọ́, ta ló ta mílíọ̀nù àwo kan ṣáájú wọn? Ta ni MTV, tẹlifíṣọ̀n olórin ti Amẹ́ríkà, ń gbé orin rẹ̀ nínú wọn ṣáájú Stryper?

Houston Boy: Ọmọ Olùṣọ́, ìtàn tìrẹ rán mi létí tèmi. "Honestly", orin Stryper, ni ìyàwó mi yàn fún ijó wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́ ni dùùrù fi bẹ̀rẹ̀, màmá mi ń mirí, wọ́n ní orin Ẹ̀mí Mímọ́ nìyí. Mo ní àwọn onírun gígùn tẹ́ ẹ lé síta nígbà yẹn ni o. Wọ́n ní irọ́ ni, n ò gbọdọ̀ ba ọjọ́ àwọn jẹ́.

Akéwì Èkó: Mi ò gba ìtàn yìí gbọ́.

Houston Boy: Fídíò wà.

Adélé: Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká sọ òótọ́, Against the Law ti 1990 ni gìtá wọn dára jù.

Ìyá Ìbejì Peckham: Adélé! Àwo tí wọ́n bọ́ aṣọ yẹ́lò kúrò, tí orúkọ Olúwa di àwátì nínú rẹ̀? Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Michael fi wọ́n sílẹ̀. Èmi sunkún nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Adélé: Àǹtí, ẹ tún gbọ́ bí Oz Fox, onígìtá wọn, ṣe ń ta gìtá níbẹ̀ ná. Wọ́n sì padà wá, ẹ gbọ́ Reborn ti 2005.

Ìyá Ìbejì Peckham: Mo ti gbọ́ ọ. Mo ti dárí jì wọ́n. Àwo yẹn ni mi ò dárí jì.

Onílù Ìjọ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ni Robert Sweet, onílù Stryper, máa ń kọ ìlù rẹ̀ sí kí èrò lè rí bó ṣe ń lù ú. Ṣé ó ṣeé ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì?

Bàbá Tòmíwá: Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ àbúrò, pásítọ̀ náà á máa rí ọ nígbà tó o bá ń tẹ fóònù lábẹ́ ìlù o.

Onílù Ìjọ: Ẹ̀gbọ́n, mi ò kí ń tẹ fóònù.

Ọmọ Olùṣọ́: Kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àbúrò. Kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.