Bí a ṣe ń dá dáṣíbọ́ọ̀dù padà sínú ọkọ̀ ojú omi tí ẹ̀yìn rẹ̀ há

Ọmọ Ọbòkun, Southampton
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Iléṣà nílé lóko. Ọkọ̀ ojú omi onífáíbà ẹsẹ̀ 18 kan ló wà nílẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, inú rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, epo bẹntiróòlù ló ń lò. A ti tún ara rẹ̀ ṣe, a ti kùn ún, ó ku dáṣíbọ́ọ̀dù. Plywood 12 mm la fẹ́ fi ṣe tuntun torí ti àtijọ́ ti jẹrà. Géèjì márùn-ún, ṣùwíìṣì mẹ́fà, sítíárìn. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì kọjá ìgúnpá. Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Maryland
Orí tábìlì ni. Ohunkóhun tó bá ṣeé ṣe lórí tábìlì, má jẹ́ kó dìgbà tó bá wọnú ọkọ̀.

Kọ́kọ́ fi páálí gé àwòrán rẹ̀, gbé e síbi tó máa wà, kó o sàmì sí ibi tí orí sítíárìn àti kébù rẹ̀ wà lẹ́yìn. Géèjì kékeré máa ń gba ihò bíi 52 mm, tákómítà (èyí tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí) 85 mm, ṣùgbọ́n wọn ìdí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ gan-an. Jíjìn rẹ̀ lọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ìdí géèjì, irin tó dè é mú àti orí wáyà, gbogbo wọn ló ń gba àyè. Bí géèjì bá kan kébù, ihò la ń sún, a kì í fagbára tì í. Etí ihò ni plywood ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Tó o bá lu ihò tán, fi epoxy (gọ́ọ̀mù tó máa ń le bí òkúta) tó ń ṣàn kun etí gbogbo wọn, jẹ́ kí igi mu ún, kó o tún kun ún lẹ́ẹ̀kejì.

Wàyí o, nọ́ọ̀tì. Má fi nọ́ọ̀tì kankan síbi tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ lọ dì í mú lẹ́yìn. Gé alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ tó nípọn tó 5 mm, fi epoxy lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn etí fáíbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù máa jókòó lé. Fi bíìtì 4.2 mm lu ú, kó o fi táàpù M5 (ti súkúrù tó nípọn tó 5 mm) gé ojú súkúrù sínú rẹ̀. Ihò ara dáṣíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, jẹ́ kó tó 6 mm, kó lè ṣeé sún díẹ̀. Súkúrù stainless ni kó o lò, fi Duralac tàbí Tef-Gel, ìpara tí kì í jẹ́ kí irin méjì jẹra wọn, pa á lára kó tó wọlé. Tí iyọ̀ òkun bá dé àárín stainless àti alumíníọ̀mù, alumíníọ̀mù ló máa jẹ. Súkúrù á há síbẹ̀, bó o bá fi tipátipá tú u, á kán.

Rewáyà Ìsọkùn, Iléṣà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ti wáyà kún un. Àwọ̀ wáyà ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà ń sọ iṣẹ́ rẹ̀: elése àlùkò fún ìgníṣọ̀n, pinki fún géèjì epo, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ fún ọ́ìlì, búráwùn fẹ́ẹ́rẹ́ fún ooru omi, àwọ̀ eérú fún tákómítà, yẹ́lò onílà pupa fún stáàtà. Síbẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ nìkan, ó ń ṣá. Ẹ lẹ nọ́ńbà mọ́ orí méjèèjì.

Wáyà kọ́pà tí wọ́n fi tin bò ni kí ẹ rà. Ẹ má jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn: ibi tí lẹ́ẹ̀dì bá parí sí máa ń le, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n lórí omi, ibẹ̀ ni wáyà máa ti já. Orí wáyà oní-heat shrink tó ní gọ́ọ̀mù nínú ni kí ẹ fi pílíáyà tẹ̀. Ẹ fà á wò kí ẹ tó fi ooru yọ́ rọ́bà rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ fi 30 cm lé gígùn wáyà tí ẹ nílò, kí dáṣíbọ́ọ̀dù lè ṣeé fà síta lọ́jọ́ tí ṣùwíìṣì kan bá kú. Ẹ kó gbogbo wáyà sí pílọ́ọ̀gì Deutsch DT méjì, ọ̀kan ẹlẹ́nu 12, èkejì ẹlẹ́nu 8. Bí wọn ò ṣe dọ́gba yẹn, kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀kan sí ipò èkejì nínú òkùnkùn. Ẹnu kọ̀ọ̀kan ò gbà ju 13 A lọ, torí náà kí wáyà àgbà tó ti bátìrì wá má gba ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bátìrì 12 V àti fíúsì 5 A dán géèjì àti iná rẹ̀ wò lórí tábìlì.

Àǹtí Houston
Ọmọ Ọbòkun, kíyè sí géèjì epo tó o bá rà á níbẹ̀ yẹn. Sẹ́ńdà ni ohun tó wà nínú táǹkì tó ń sọ iye epo fún géèjì; ohm la fi ń wọn bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́. Ti Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ 240 ohm tí táǹkì bá gbẹ, 33 ohm tó bá kún. Ti Yúróòpù jẹ́ 10 ohm ní gbígbẹ, 180 ní kíkún. Tó o bá fi géèjì Yúróòpù sórí sẹ́ńdà Amẹ́ríkà, táǹkì tó gbẹ ni yóò máa sọ pé òun kún, epo á sì tán mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú omi. Fi mítà wọn sẹ́ńdà náà kó o tó náwó.

Ṣùwíìṣì fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ epo jáde, ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ gan-an ni kó wà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó stáàtì ẹ́ńjìnnì. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń fojú kéré, afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, iná kékeré kan tó bá ta síbẹ̀, ọkọ̀ á gbiná.

Ọmọ Ọbòkun, Southampton
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Nígbà tí a bá fẹ́ gbé e wọlé ńkọ́? Bí ọwọ́ méjèèjì bá di dáṣíbọ́ọ̀dù mú, ta ni yóò ki pílọ́ọ̀gì?

Ẹ̀gbọ́n Maryland
Wá bóòtù M5 méjì tó gùn tó 100 mm, gé orí wọn dànù, kó o fọwọ́ wé wọn sínú ihò méjì tó wà lókè. Gbé dáṣíbọ́ọ̀dù kọ́ sára wọn. Á dúró fúnra rẹ̀, àlàfo tó tó ìbú ọwọ́ á sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ki pílọ́ọ̀gì méjèèjì, de wáyà mọ́ ara ọkọ̀ kó má kan kébù sítíárìn, kó o wá tì í wọlé. Fi ọwọ́ nìkan wé súkúrù ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́, kó o tó yọ bóòtù méjì yẹn, kó o fi súkúrù rọ́pò wọn. Ìgbà tí gbogbo wọn bá wọlé tán lo máa tó mú wọn le, láti àárín lọ sí etí.

Orí sítíárìn ti gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ṣáájú, kébù rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ju òbìrí tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ 20 cm, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa wúwo lọ́wọ́. Gíláàsì iwájú, òun ló kẹ́yìn.